Bí Ọdẹ́níran Ṣe Lọ Yẹ Ilé Ìtura Wò

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Òjò ti dá, ilẹ̀ ṣì tutù, kò sì sí ẹni tí yóò tún lọ sóko lónìí. Bí ẹ bá ní obì lápò, ẹ pa á. Bí ẹ kò bá ní, ẹ pa ẹnu mọ́. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti lé ẹfọ̀n títí tí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mí, mo sì ti fi orí lé ẹ̀yìn erè sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, tí mo rò pé gbòǹgbò igi ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó dìde kó wá sójú agbo. Kò sí? Ó dáa. Ṣùgbọ́n lónìí, n kò ní sọ ti ara mi. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọdẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ọdẹ́níran ọmọ Moróunkẹ́, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ó bá wúkọ́ nínú igbó, ẹkùn á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

Ní ayé ìgbà náà, ilẹ̀ ìtòsí ti ṣá ní ìlú Ẹ̀gbẹ́kùn. Gbogbo ọmọ tó lágbára ti kó lọ sí abà tó jìnnà réré, ó wá ku àwọn arúgbó nílé bí ewé tó gbẹ tí kò tíì jábọ́. Ẹ mọ̀ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ òkété bá ti ṣí lọ, kí ni òkété ó mu? Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí obìnrin kan jáde wá láti inú Igbó Ìgbàgbé. Aṣọ rẹ̀ funfun bí lékeléke, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní Ìyá Ìtura ni orúkọ òun. Ó ní òun ní ilé kan nínú igbó, tí àwọn arúgbó ń jẹ tí wọ́n ń mu, tí wọn kì í ṣe iṣẹ́ kankan, tí ẹnikẹ́ni kì í ké mọ́ wọn. Àwọn ará ìlú dúpẹ́. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn arúgbó wọn tẹ̀lé e.

Oṣù ń lé, oṣù ń wọ̀, wọn kò rí ẹnìkan kó padà wá kí ilé. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Ìtura bá ti dé, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ń gbádùn." Nígbà tí ó wá ní kí wọ́n kó àwọn tó kù fún òun, ọba pe Ọdẹ́níran sí ààfin.

Ọba ní, "Ọdẹ́níran, a kì í tìtorí pé ẹnu àlejò dùn kí a fi ìyá ẹni lé e lọ́wọ́. Lọ wo ilé náà fún mi. Wo oúnjẹ wọn, wo ibùsùn wọn, wo òrùlé tó wà lórí wọn. Bí o kò bá dé, ẹnikẹ́ni kò ní kúrò nílùú yìí."

Moróunkẹ́ ìyá Ọdẹ́níran wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń di ìbọn mọ́ èjìká, ìyá náà ní, "Ọmọ mi, bí o bá débẹ̀, má wo àwo. Ẹnu ẹni tó ń jẹun ni kí o wò."

Ó bọ́ sọ́nà. Ẹ̀gún kò dá a dúró, odò kò dá a dúró, ó di ẹnu Igbó Ìgbàgbé. Ibẹ̀ ni ó ti bá iwin kan tí ń jẹ́ Ọrùnyíyí. Ojú iwin yìí wà lẹ́yìn, ìpàkọ́ rẹ̀ wà níwájú. Bí ó bá ń lọ, ẹ̀yin á rò pé ó ń bọ̀. Ó na ọwọ́ dí ọ̀nà, ó ní:

"Kí ni ó wọ ilé ọba tí kò kí ọba, tó wọ ilé olówó tí kò tọrọ nǹkan, tó jẹ́ pé bí ó bá ti wọlé, kò jáde mọ́?"

Ọdẹ́níran ní, "Ogbó ni."

Ọrùnyíyí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, tó ń ṣàn sí i lẹ́yìn. Ó ní, "O gbà á. Ó ku ìjàkadì." Ó fò mọ́ ọn. Ọdẹ́níran kò mọ ibi tí yóò ti mú un, nítorí ibi tó bá rò pé ẹ̀yìn ni, ojú ló wà níbẹ̀. Iwin gbé e ṣánlẹ̀, ilẹ̀ mì. Ọdẹ́níran dìde, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó fi òórùn wá iwin náà kiri bí ajá ọdẹ, ó sì gbé e sókè, ó fi orí rẹ̀ gún ilẹ̀ bí ẹni ń gbin èèbù iṣu. (Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n bá ti fi ọrùn rẹ̀ so ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n onísùúrù ènìyàn ni ọ̀gá mi.) Iwin gbọn eruku nù, ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ibí, mo ń rí ẹni tó ń wọlé, n kò tíì rí ẹni tó jáde."

Kò pẹ́ tí Ọdẹ́níran fi rí ilé náà. Ilé ńlá ni, wọ́n fi ẹfun kùn ún láti òkè délẹ̀, òdòdó yí i ká, ẹyẹ ń kọrin lórí rẹ̀. Ìyá Ìtura jáde, ó kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Ó mú un wọ ìyẹ̀wù iwájú. Ibẹ̀ ni àwọn arúgbó Ẹ̀gbẹ́kùn jókòó sí lórí àga tìmùtìmù, wọ́n fi òróró pa wọ́n lára, aṣọ wọn funfun, iyán ń rú èéfín níwájú olúkúlùkù. Inú Ọdẹ́níran dùn. Ó ti ń ronú ohun tí yóò sọ fún ọba.

Ìgbà náà ni ó rántí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò lára àwo. Ó wo ẹnu wọn. Ètè wọn ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀kẹ́ kan tó ń mì. Ó wo iyán. Kò sí ojú òkèlè lára rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ó rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, bí ẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó wá wo ọrùn ọwọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹran tí wọ́n bá so pẹ́, ibi tí okùn ti há a kì í hu irun mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọrùn ọwọ́ wọn rí.

Ó sún mọ́ Bàbá Adélẹ́yẹ, àgbà tó kọ́ ọ ní dídẹ tàkúté nígbà èwe, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ṣé ara le? Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín?"

Kí bàbá tó la ẹnu, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan ṣoṣo: "À ń gbádùn. A dúpẹ́."

Ọdẹ́níran dìde. Ó ní, "Ìyá Ìtura, iwájú ilé dára. Mo fẹ́ rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Obìnrin náà kò bínú. "Ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn tí ẹ ti wá. Ẹ jẹun ná."

"Ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo mọ́. N kò jẹun."

"Ẹ kúkú jókòó, kí ẹ gbé ìbọn yìí fún wa. Ẹ wò ó, ó ń ba àwọn arúgbó lẹ́rù."

Ọdẹ́níran wo ojú àwọn àgbà náà, àánú wọn ṣe é. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdẹ tí erin kò rí dè, àga ló mú un! Bí ìdí rẹ̀ ti kan tìmùtìmù, orúnkún rẹ̀ wúwo bí òkúta ọlọ. Àwọn olùtọ́jú ilé náà sì yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àwọn iwin tí ọwọ́ wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí wọn kò ní egungun. Ọ̀kan da aṣọ funfun bò ó lẹ́sẹ̀. Ọ̀kan nù ún lẹ́nu. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Èmi kì í ṣe bàbá! Alábẹ̀wò ni mí. Ọba Ẹ̀gbẹ́kùn ló rán mi."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ọ̀kan wí.

Ó fẹ́ fò dìde, wọ́n ní, "Ẹ má ṣe ara yín léṣe." Ó pariwo, wọ́n ní, "Ara kò yá a. Ẹ fún un ní àgbo oorun." Ó fi eyín de ẹnu pinpin, wọ́n fún un nímú, wọ́n da àgbo náà sí i lọ́fun. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé kò sí ẹni tó na án, kò sí ẹni tó bú u. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá" náà ni wọ́n ń wí títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ó jí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ, ó sì wà ní ẹ̀yìn ilé tó ní òun fẹ́ rí.

Ó rí i dáadáa. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn lójú ọ̀sán gangan. Àwọn arúgbó tó ń dán lórí àga níwájú, orí ẹní tó rin gbindin ni wọ́n tẹ́ wọn sí níhìn-ín. Ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń kùn wọ́n lóróró. Òrùlé ń jò sí ibi tí Ọdẹ́níran dùbúlẹ̀ sí, omi ń ṣàn lára ògiri sí i lẹ́yìn. Ìkòkò omi mímu wà, ṣùgbọ́n orí pẹpẹ ni wọ́n gbé e lé, níbi tí ọwọ́ arúgbó kankan kò tó. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, ìta ni wọ́n ti ń ṣí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni ààrò tí wọ́n ti ń se àgbo, wọ́n sì to igi gbígbẹ tì í dé àjà. Ọdẹ́níran rí gbogbo rẹ̀. Kí ni ìwúlò ojú tó rí, tí ẹsẹ̀ kò lè gbé e lọ sọ?

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Àwọn iwin á wá, wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ tí kò ní iyọ̀, wọ́n á nù ún lẹ́nu. Ní àkọ́kọ́, ó ń gbá ìgbákọ dànù, wọ́n á sì fi okùn di ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó rẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí wọ́n fi bọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀, kò gbéra mọ́. Ó jẹ́ kí wọ́n yí i padà, ìhà rẹ̀ sì kú. Ìgbà kan dé tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ tí ẹnu òun ń bá àwọn yòókù wí pé, "À ń gbádùn, a dúpẹ́." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè nù ún.

Ọwọ́ kan ló bá a nù ún. Ọwọ́ obìnrin ni, ó le, ó sì gbóná.

"Níran," ni ẹni náà wí, "ṣé o ti gbàgbé mi ni? Èmi Awẹ́ró ni. Ọwọ́ yìí ni mo fi gbẹ̀bí rẹ. Ẹsẹ̀ ni o fi kọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé olóríkunkun ni ọ́."

"Ìyá, báwo ni ọwọ́ yín ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Awẹ́ró wo ilẹ̀kùn kó tó dáhùn. "Nínú ilé yìí, ohun tó o bá lè ṣe tó o jẹ́ kí wọ́n bá ọ ṣe, agbára rẹ̀ á fi ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá ṣe fún ẹlòmíràn, agbára rẹ̀ á dúró, á sì máa pọ̀ sí i. Àgbo wọn, inú ẹní ni mo ń tu ú sí. Láràárọ̀ ni mo sì ń nu ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi, ẹsẹ̀ ti lọ."

"Kí ni èmi lè ṣe, Ìyá? Ọrùn mi nìkan ló ń yí."

"Fi ọrùn náà ṣe nǹkan."

Bàbá Adélẹ́yẹ ló wà ní apá òsì rẹ̀, tó ń kérora. Egbò ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn nítorí ẹnikẹ́ni kì í yí i. Ọdẹ́níran fi iwájú orí ti èjìká rẹ̀. Ó tì í, ó tì í, òógùn bò ó, bàbá kò mì. Ó sinmi, ó tún tì í. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá yí gbirigbiri sí ẹ̀gbẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Olúwa ó ṣe é fún ọ." Ìka Ọdẹ́níran kan sì mì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn iwin bá ti jáde, ẹni tó lójú á sọ ohun tó rí fún ẹni tí kò lójú, ẹni tó lọ́wọ́ á họ ẹ̀yìn fún ẹni tí kò lọ́wọ́. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Láwùnmí, tí kò bímọ, tí kò ní ará. Òun nìkan ló kọjú sí ògiri. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Ta ni mo fẹ́ lára le fún?" Nígbà tó pẹ́, agbára padà dé ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran, ó dìde dúró, Awẹ́ró gun èjìká rẹ̀, wọ́n bu omi láti orí pẹpẹ, wọ́n sì pín in mu. Mo ti mu ẹmu ní ìlú méje, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kò sí ohun tó dùn tó omi yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan, ẹ̀ta iná fò láti inú ààrò, ó bà lé igi gbígbẹ. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, iná ti gba ẹnu ọ̀nà. Àwọn iwin sá jáde, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn tó wà nínú ilé gbọ́ ohùn Ìyá Ìtura níta, ohùn kan náà tó dùn bí oyin: "Ẹ má wọlé mọ́, aṣọ yín á dúdú. Àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́kùn."

Igbe ta. Awẹ́ró na ọwọ́ sí ìkòkò omi. "Níran, da á sí iná!"

Ọdẹ́níran wo iná, ó wo omi. "Kò tó o, Ìyá. Kò lè pa á." Ó yíjú sí ibi tó ti ń sùn. Òjò tó ń jò sí i lẹ́yìn láti ìgbà tó ti dé, ara ògiri náà ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi èékánná họ ọ́. Amọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ó gbé Awẹ́ró lé èjìká, ìyẹn gbé ìkòkò sọ̀ fún un, ó sì da gbogbo omi náà sí ògiri. Gbogbo wọn kígbe pé ó ti ya wèrè. Ó fi èjìká lu ògiri. Bàbá Adélẹ́yẹ wọ́ dé ibẹ̀, ó fi ìgbáròkó tirẹ̀ tì í. Gbogbo ẹni tó ní ọwọ́ ń fi ọwọ́ wa á, gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ta á, èéfín ń fún wọn lọ́rùn, òrùlé ń já lulẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ihò kan là, ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Awẹ́ró jókòó sí ẹnu ihò náà. Ó ń di èjìká wọn mú níkọ̀ọ̀kan, ó ń kígbe bó ṣe máa ń kígbe níbi ìrọbí: "Tẹ orí! Yí apá! Máa bọ̀, máa bọ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe tì wọ́n jáde. Ọdẹ́níran ló gbé òun náà jáde gbẹ̀yìn, ilé sì wó.

Ìyá Ìtura dúró nínú òdòdó rẹ̀. Kò bínú síbẹ̀. Ó na apá, ó ní, "Ẹ wò ó bí ẹ ṣe rí! Ẹ dìrọ̀ mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀nà jìn." Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Ọdẹ́níran pọn Awẹ́ró, Bàbá Adélẹ́yẹ ń ṣẹ́ igi tẹ̀ lọ́nà, àwọn kan ń wọ́. Obìnrin náà ń tẹ̀lé wọn lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀, ó ń na apá sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́." Ní ẹnu igbó, Láwùnmí dúró. Ó gbá apá náà mú. Ọdẹ́níran pè é, pè é, kò wẹ̀yìn. Ọdẹ́níran kò sì lè dúró tì í, nítorí àwọn tó wà níwájú kò ní lè dé ilé láìsí òun.

Ọrùnyíyí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún wọn, ó dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń wò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wọ Ẹ̀gbẹ́kùn, Moróunkẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó wà níwájú. "Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ rí ọmọ mi kan lọ́nà, ọdẹ ni?"

Ọdẹ́níran ní, "Ìyá mi, èmi ni." Ìyá náà gbá ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò ó pẹ́, ó sì bú sẹ́kún.

Ní ààfin, ọba bi í bí ilé náà ṣe rí. Ó yí ẹ̀yìn sí ọba, èèwọ̀ ńlá, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè. Gbogbo ìjòyè rí egbò tí ẹní tútù dá sí i lára. Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó mú aṣọ náà, ó bá a bò ó. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni oníṣẹ́ gbéra lọ sí abà láti ké sí àwọn ọmọ.

"Ṣé gbogbo wọn ló dé?" ni ọba bi í.

"Ó ku Láwùnmí. Ó ní òun kò ní ẹni kankan."

Àwọn ènìyàn wolẹ̀. Moróunkẹ́ sán ìró rẹ̀ le. Ó ní, "Ọ̀nà wo ni?"

Òun àti Ọdẹ́níran bá Láwùnmí ní ẹnu igbó lórí ìjókòó koríko. Ìyá Ìtura mú un lápá, ó ń fi ewé fẹ́ ẹ lójú, wọ́n sì ti fẹ́ẹ̀ dìde kí wọ́n máa wọ inú igbó lọ. Ọdẹ́níran fa ọ̀bẹ yọ, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Kò bẹ Láwùnmí, kò sunkún sí i lára. Ó dúró lókèèrè, ó ní:

"Láwùnmí, mo ti bọ iṣu sílẹ̀ o, n kò sì tíì lọ ata. Èjìká ń dùn mí. Wá bá mi lọ̀ ọ́."

Láwùnmí gbé ojú sókè. "Ata wo? Rodo ni àbí ṣọ̀ǹbọ̀?"

"Rodo ni."

"Ìwọ àti rodo! O kò ní yọ kóró inú rẹ̀ kúrò." Ó já apá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Ìyá Ìtura, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn án. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀, ó ń ráhùn nípa ọlọ Moróunkẹ́ pé kò mú tó.

Ẹnu mi gbẹ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìtàn náà sì ti délé. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù lọ kí àgbà tó wà nílé rẹ̀.